Ta Ló Ṣe É, Báwo Ni A Sì Ṣe Mọ̀?

Ní ọdún 1924, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pe gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ jọ sí Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n wá pàtẹ ọjà àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn fún aráyé wò, ilẹ̀kùn igi kan wà lára ẹrù tí ó ti Nàìjíríà lọ, èyí tí a gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní apá kan ilẹ̀kùn náà, ọba gúnwà lórí ìtẹ́, olorì dúró tì í lẹ́yìn. Ní apá kejì, Kápútéènì Ambrose, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ń bọ̀ wá kí Kábíyèsí lórí ohun ìjókòó tí àwọn ọkùnrin gbé kọ́rùn. Àwọn ère náà sì yọ síta lára pákó tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń wò wọ́n yóò fi rò pé wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Àwọn aláṣẹ British Museum rí i, ọkàn wọn fà sí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ṣe di ará Lọ́ńdọ̀nù títí di òní olónìí. Wọ́n yìn ín, wọ́n gbé e sí ibi gíga, wọ́n sì fi hàn àwọn àlejò, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wò ó kò mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀, ẹni náà wà láàyè. Ó wà ní Ìsẹ̀-Èkìtì, ìlú tí kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́, lábẹ́ ìbòòji Arínjalẹ̀ tí í ṣe ọba ìlú náà, tọmọdé tàgbà ni ó sì mọ̀ ọ́n. Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, a-sọ-igi-dènìyàn, ẹni tí àwọn ọba ilẹ̀ Èkìtì àti àwọn ọba tí ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ń ránṣẹ́ pè láti wá fi ère ṣe ààfin wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Láàárín 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà; ọ̀kan nínú àwọn òpó wọ̀nyẹn, èyí tí ọba jókòó lé lórí, wà ní Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1984. Ọlọ́wẹ̀ papò dà ní 1938. Ní 1944, ọdún kẹfà lẹ́yìn ikú rẹ̀, òyìnbó kan tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀ràn igbó ọba ní Nàìjíríà, Philip Allison, kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Nigeria, orúkọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá iṣẹ́ rẹ̀ rìn káàkiri ayé. Ní 1988, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn opó Ọlọ́wẹ̀, ìyá tí Pemberton kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Oluju-ifun, ìyá náà sì ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un. Oríkì náà mẹ́nu ba iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe, ó tilẹ̀ mẹ́nu ba èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìlú òyìnbó. Nígbà tí ó di 1998, Roslyn Walker kó gbogbo ohun tí a mọ̀ jọ sínú odindi ìwé kan, wọ́n sì pàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ní Washington.

Mo fi ìtàn yìí ṣíwájú nítorí pé nínú rẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ìwé kíkọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ti ibi iṣẹ́ jẹ́ gan-an, èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ìyà ìparí ẹ̀kọ́, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì ń sá fún bí ẹni sá fún kúẹ́rì. Àwọn tí ó wo ilẹ̀kùn náà ní Wembley lójú, wọ́n sì lẹ́nu. Ohun tí wọn kò ní ni ẹni tí yóò jókòó, tí yóò béèrè pé ta ló ṣe é, tí yóò sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà tí ó gbà mọ̀ ọ́n, kí ẹlòmíràn lè tọ ipasẹ̀ náà lọ wádìí bóyá òótọ́ ni. Ìbéèrè méjèèjì yìí, ta ló ṣe é, báwo ni a sì ṣe mọ̀, ni ìpìlẹ̀ tí gbogbo òfin yòókù dúró lé, bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ti ń to ìwé ìtọ́kasí títí dé orí bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Àwọn kan rò pé àṣà àtòkèèrè ni kí ènìyàn máa dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Irú wọn kò fetí sí Ifá dáadáa. Babaláwo tí ó bá ń ki ẹsẹ Ifá kì í kù gìrì bọ́ sínú ìtàn. Orúkọ àwọn awo tí ó dífá náà ni ó máa ń kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ẹni tí wọ́n dá a fún, kí ó tó wá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ètò tí ó gún régé ni, ó sì ti wà kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa. Bí àgbà bá sì fẹ́ pa òwe láàárín àwọn tí ó jù ú lọ, ó mọ̀ pé òun ní láti fi ọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó ni ín, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Àlùfáà Samuel Johnson, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe alárinà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì, tí ó sì kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí gbogbo ayé ń kà, dárúkọ àwọn tí ó sọ ìtàn fún un sí iwájú ìwé rẹ̀: David Kúkọ̀mí ní Ìbàdàn, Josiah Òní oníṣòwò, àti Lágùnjú tí í ṣe Tìmì Ẹdẹ. Kò sí olùkọ́ yunifásítì kankan tí ó fi ìyẹn kọ́ ọ. Ọmọlúàbí ni ó fi ṣe é.

Ní Ìkẹ́rẹ́ níbẹ̀, lábẹ́ Olósùnta, òkè ńlá tí ń wo ìlú láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ dá sílẹ̀ ní 1977, tí ó di ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì nígbà tí wọ́n pín wa níyà ní 1996, ti di yunifásítì láti 2020, orúkọ Bámidélé Olúmilúà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó ṣe gómìnà Oǹdó rí, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ tí ó wá láti Ìsẹ̀, láti Èmùré àti láti ìgbèríko gbogbo ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì wọn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan nínú irú wọn, kí a ní ó fẹ́ kọ̀wé lórí àṣà Èkìtì. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ yóò sọ fún un pé àkọlé náà tóbi ju agbára ènìyàn kan lọ, nítorí Èkìtì Kete pọ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Bí ó bá wá dín in kù sí ọdún Olósùnta, ó ti sún mọ́ ọn. Bí ó bá ní orin tí àwọn obìnrin ń kọ lọ́jọ́ ọdún náà ní àdúgbò kan pàtó ni òun fẹ́ gbọ́, tí òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá orin àwọn ìyá àgbà kò ti máa yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọbìnrin wọn, nígbà náà ni ó tó ní ìbéèrè tí ó ṣeé dáhùn. Ìwé tí kò bá ní ìbéèrè kò lè ní ìdáhùn; ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ pírójẹ́ẹ̀tì fi kún fún ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè tọ́ka sí ohun tí wọ́n ń wí.

Orúkọ àwọn ẹ̀ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àṣamọ̀ ni ó máa ń ṣíwájú, níbi tí a ti ń sọ gbogbo iṣẹ́ náà ní ìpínrọ̀ kan fún ẹni tí kò ráyè. Ìfáárà yóò gbé ìbéèrè kalẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn tí ó ti kọ́kọ́ rìn ní ojú ọ̀nà náà, kí a má bàa fi ẹnu ara wa pe ohun tí ó ti gbó ní tuntun. Ọgbọ́n ìwádìí, ìtúpalẹ̀, àgbálọgbábọ̀ àti ìwé ìtọ́kasí ni yóò sì tẹ̀ lé e. Ohun tí ó wà nínú ìwé ìtọ́kasí kò ju kí a mọ ẹni tí ó kọ ìwé, ọdún tí ó kọ ọ́, àkọlé rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìlànà bí a ti ń tò ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, nítorí àwọn ará Chicago ti tẹ tiwọn jáde láti 1906, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà sì gbé tiwọn tí à ń pè ní APA kalẹ̀ ní 1929. Èyí tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹni bá yàn ni kí ènìyàn mú, kí ó má sì ṣe lú u pọ̀ mọ́ òmíràn.

Ibi tí ọwọ́ mi fẹ́ dúró sí pẹ́ díẹ̀ ni ọgbọ́n ìwádìí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti máa ń sáré kọjá. Wọn yóò kọ ọ́ pé, a fi ọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò, wọn yóò sì kọjá lọ. Àwọn àgbà wo? Mélòó ni wọ́n? Ní agboolé wo, ní ọjọ́ wo, ṣé wọ́n gbà kí a gba ohùn wọn sílẹ̀, ṣé ojú ara wọn ni wọ́n fi rí ohun tí wọ́n ń sọ ni, tàbí bàbá wọn ni ó sọ fún wọn? Gbogbo ìwọ̀nyí ni òǹkàwé ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Ìtàn bí a ti tẹ ìlú dó kì í bára mu láti agboolé kan sí òmíràn, ìbáà ṣe ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré, a sì mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ ti ìdílé kan, kí ó lọ gbọ́ ti ìdílé kejì. Kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ wọ́n. Bí kò bá ní ẹ̀rí tí ó lè fi yan ọ̀kan, kí ó má yan ìkankan, kí ó sọ ibi tí wọ́n ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti pínyà. Kò sí ìtìjú kankan nínú ìyẹn. Àwọn tí ó kọ ìtàn Ọlọ́wẹ̀ sọ pé nǹkan bí 1873 ni wọ́n bí i, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. “Nǹkan bí” yẹn kò dín iyì ìwé wọn kù rárá, òun gan-an ni ó jẹ́ kí a gbẹ́kẹ̀ lé wọn nígbà tí wọ́n bá sọ pé 1938 ni ó kú láìfi “nǹkan bí” sí i.

Ó yẹ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ lórí olè, kí n sì sọ ọ́ láìfi bò. Ẹni tí ó bá gbé odindi ojú ìwé nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn, tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, olè ni ó jà, ìbáà jẹ́ pé inú íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti rí i, ìbáà jẹ́ pé ó sanwó fún ẹni tí ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó bá òun wá èyí tí ẹnì kan ti kọ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kí ó sì yí orúkọ ìlú inú rẹ̀ padà. Mo mọ̀ pé ìnira wà: ilé-ìkàwé lè má ní ìwé tí a ń wá, owó ọkọ̀ láti Èmùré wá sí Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe kékeré fún ọmọ aláìní, ọjọ́ tí wọ́n dá sì ń sún mọ́lé. Síbẹ̀, ìwọ̀n ìpínrọ̀ méjì tí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti ẹnu ìyá ìyá rẹ̀ níyì lójú mi ju ọgọ́rùn-ún ojú ìwé tí kò lè dáhùn ìbéèrè kan lé lórí lọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tuntun tí ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ rí. Ẹ̀rọ náà lè bá ènìyàn to ọ̀rọ̀, ó sì lè tọ́ka sí ibi tí gbólóhùn ti wọ́. Ṣùgbọ́n kò jókòó ti àgbà kankan ní Ìsẹ̀, ó sì lè hùmọ̀ orúkọ ìwé tí kò sí níbì kankan lábẹ́ ọ̀run kí ó sì gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá bá wa kọ, àwa ni a óò jẹ́rìí sí i, orúkọ wa ni ó wà lójú ìwé.

Ohun kan wà tí ó máa ń ṣòro fún àwa Yorùbá nínú irú ìwé yìí ju fún àwọn ẹlòmíràn lọ, èmi kò sì rí i kí wọ́n sọ ọ́ tó. Ọ̀rọ̀ wa kún fún ẹwà tí a fi ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Bí òwe bí òwe sì ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Ní ojúde ọba tàbí níbi tí àwọn àgbà ti ń parí ìjà, kò sí ohun tí ó dára ju èyí lọ, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà: ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ń wo ojú wa, ó gbọ́ bí ohùn wa ti lọ sókè tàbí sílẹ̀, bí kò bá sì yé e, yóò béèrè. Òǹkàwé kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ó lè wà ní Adó, ó lè wà ní Àbújá, ó sì lè jẹ́ ọmọ tí a kò tíì bí. Nítorí náà, nínú ìwé ìwádìí àti ìwé ibi iṣẹ́, odindi ọ̀rọ̀ ni à ń sọ, a kì í fi àbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí òǹkàwé fi ọgbọ́n ara rẹ̀ parí i. Ẹni tí ó bá pa òwe níbẹ̀, kí ó sọ ohun tí ó fi ń pè lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ẹ wo bí ó ti rí nínú lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀. Ká ní àwọn ará àdúgbò kan ní Ìsẹ̀ fẹ́ kọ̀wé sí àwọn tí ń pín iná mànàmáná. Akọ̀wé àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé ìyà ti jẹ wọ́n tó, pé láti ayébáyé ni wọ́n ti wà nínú òkùnkùn, pé wọn kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀, àti pé kí àwọn aláṣẹ ṣàánú wọn ní orúkọ Ọlọ́run. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, ó sì dun ọkàn; ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó gbà á kò rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Akọ̀wé kejì kọ ọ́ pé tíráńsífọ́mà tí ó wà níwájú ọjà jóná ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta. Pé ọgọ́ta ilé ni kò ní iná láti ọjọ́ náà. Pé àwọn kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà tó ọ́fíìsì wọn létí ní ọjọ́ 10 oṣù kan náà, ẹ̀dà lẹ́tà yẹn sì wà nínú èyí. Pé kí wọ́n jọ̀wọ́ rán ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò wá, kí wọ́n sì sọ ọjọ́ tí yóò dé. Lẹ́tà kejì kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì sunkún, síbẹ̀ òun ni ó ṣòro jù láti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àdírẹ́sì méjì tí à ń kọ sí orí lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀, déètì, àkọlé tí a fa ìlà sí lábẹ́, àti orúkọ ní kíkún lábẹ́ ìbuwọ́lùwé, gbogbo wọn ń dáhùn ìbéèrè kan náà tí a ti ń bá bọ̀: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ni ó ń bá sọ ọ́, nígbà wo, lórí kí ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ pàápàá ní ibi tí ó ti yẹ kí ọmọ Èkìtì ṣọ́ra. Nínú ẹ̀ka-èdè wa, ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo bá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí àfojúdi kankan nínú rẹ̀, orúkọ oyè àti ìdọ̀bálẹ̀ ni a fi ń bu ọlá fún un. Ṣùgbọ́n nínú Yorùbá àjùmọ̀lò tí à ń kọ, “ẹ” àti “yín” ni ó tọ́ sí ọ̀gá, ẹni tí ó bá sì gbàgbé rẹ̀ nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ yóò dàbí aláìníwà lójú ẹni tí kò mọ Èkìtì.

Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa mọ iṣẹ́ yìí ju bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti rò lọ. Ní ìpàdé wọn, àwọn oníṣòwò àti àwọn àgbẹ̀ kòkó yóò jókòó, akọ̀wé yóò ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá, ẹni tí ó bá rí àṣìṣe yóò nawọ́, wọn yóò tún un ṣe lójú gbogbo ènìyàn, ẹnì kan yóò dábàá pé kí a gbà á wọlé, ẹlòmíràn yóò sì kín in lẹ́yìn. Kò sí ohun tí ó yàtọ̀ nínú èyí sí bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Akọ̀wé tí ó gbọ́n mọ̀ pé ohun tí òun ń kọ kì í ṣe gbogbo ariwo tí wọ́n pa, bí kò ṣe ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí, iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀, orúkọ ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ náà rán àti ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ jábọ̀. Bí aáwọ̀ bá dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tí àwọn tí ó wà níbẹ̀ ti kú, ìwé náà ni yóò sọ̀rọ̀ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí òṣìṣẹ́ ṣe bí kúẹ́rì bá dé bá a: kí ó fi ìbínú sílẹ̀ nílé, kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti tẹ̀ lé ara rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ó sì so ẹ̀rí tí ó bá ní mọ́ ọn.

Nígbà tí ènìyàn bá kọ̀wé parí ní ìgbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ ku ìdajì. Kí ó kà á sókè, kí etí rẹ̀ gbọ́ ọ. Gbólóhùn tí èémí kò bá lè gbé dé òpin, kí ó gé e sí méjì. Ìpínrọ̀ tí ó bá ń sọ ohun mẹ́ta, kí ó tú u ká. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni ó fi kọ ọ́, kí ó fi àmì ohùn sí i, kí ó sì tẹ̀ lé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, èyí tí ó sọ “aiye” di “ayé”, tí ó sì sọ “ẹiyẹ” di “ẹyẹ”, nítorí ìwé tí àkọtọ́ rẹ̀ dàrú ń dá òǹkàwé dúró ní ẹsẹẹsẹ, kò sì ní jẹ́ kí ó ráyè ronú lórí ohun tí a ń wí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní irú ètò báyìí yóò pa ẹwà ọ̀rọ̀ lára ènìyàn, kí ó wo Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n bí ní Ìkẹ́rẹ́ ní 1947, tí ó ka ìwé ní Amóyè Grammar School ní ìlú náà àti ní Christ's School ní Adó. Ó lọ sí Ìbàdàn, ó lọ sí Leeds, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì York ní Kánádà ní 1979, ó kọ àpilẹ̀kọ tí àwọn olùdánwò yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ kan náà ni ó fi kọ The Eye of the Earth ní 1986, ìwé ewì tí ó gbé Olósùnta àti àwọn òkè Ìkẹ́rẹ́ dé etí ìgbọ́ ayé, tí ó sì gba ẹ̀bùn ewì ti àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ní ọdún náà. Ọ̀mọ̀wé àti akéwì gbé inú ènìyàn kan, ìkankan kò sì lé èkejì jáde.

Ọ̀ṣúndáre yìí kan náà ni omíyalé Katrina ká mọ́ inú ilé ní New Orleans ní 2005. Ọlọ́run yọ òun àti ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n omi kó ìwé rẹ̀ lọ, pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ kọ tí a kò tíì tẹ̀. Ohun tí ó jọ ọ́ ti ṣẹlẹ̀ sí Johnson kí ó tó kan tirẹ̀. Ní 1897 ni Johnson parí ìwé ìtàn rẹ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó láti tẹ̀, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé èyí náà ni àwọn ará Jámánì tún gbà lójú òkun ní 1916, tí wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà, kí ìwé náà tó wá jáde ní 1921. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá parí pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lónìí kò ní láti rí irú ìdààmú bẹ́ẹ̀. Kí ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí íméèlì ara rẹ̀, kí ó fi òmíràn sínú fúláàṣì tí kò sí nínú àpò kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó sì tẹ ẹ̀kẹta sórí bébà kí ó gbé e padà lọ sí agboolé àwọn ìyá tí wọ́n kọrin fún un, kí ọmọ wọn kan kà á sí wọn létí, kí wọ́n lè sọ ibi tí ó ti ṣì wọ́n gbọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe, kí ó tó gbé iṣẹ́ náà dé iwájú àwọn olùdánwò.